Ọjọ́ Kọkànlélọ́gọ́ta

Orí tábìlì bàbá àgbà ni mo gbé kọ̀ǹpútà lé,
ní Òkèsà, nílé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì bò lójú.
Páànù ń dún pó, pó, bí oòrùn ṣe ń kúrò lórí rẹ̀.
Ọlidé ni mo wá lò ní Iléṣà, ọ̀sẹ̀ méjì péré,
ṣùgbọ́n iṣẹ́ mọ ọ̀nà ilé wa jù mí lọ;
ó ti dé ṣáájú mi, ó ń dúró nínú íméèlì.

Màmá mi gbé ẹ̀pà bíbọ̀ kalẹ̀, ó yọjú wo gíláàsì.
"Ẹjọ́ ilẹ̀ ni?"
Mo ní ẹjọ́ iṣẹ́ ni. Wọ́n dá awakọ̀ kan dúró ní Niamey,
wọ́n ní epo ọkọ̀ fi ogún lítà dín, ìwé ò bá a mu.
"Ìwọ lò ń gbèjà rẹ̀?"
Rárá o. Àjọ ni mò ń gbèjà.
"Àjọ?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni alájọ yín?
Àbí ó ti kówó olówó sá lọ ni?"

Mo gbìyànjú kí n là á yé e:
àjọ tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ dá sílẹ̀,
tí kóòtù ìlú kankan kò lè ránṣẹ́ pè,
tí ọlọ́pàá kò lè wọ ọgbà rẹ̀ bí a ò bá ṣílẹ̀kùn;
ẹni tí a bá ṣẹ̀ níbẹ̀, àwa náà ló máa wá bá,
àwa la ó fún un ní fọ́ọ̀mù, àwa la ó bá a ka ọjọ́.
Ó jẹ ẹ̀pà kan. Ó jẹ èkejì.
"Ẹni tí kò lórí, tí kò lọ́rùn,
kí ló ń dùn ún tó fi ń wá lọ́yà?"

N kò dá a lóhùn. Mo ṣí fáìlì.
Hámánì Seyíní. Ọdún mẹ́rìndínlógún nídìí ọkọ̀, kò gbá ewúrẹ́ rí.
Ọgọ́ta ọjọ́ ni òfin wa fún un láti kọ̀wé pé òun kò gbà.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta ni tirẹ̀ wọlé,
ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án òwúrọ̀.
Ó ní ayélujára kú ládùúgbò òun fọ́jọ́ mẹ́ta.
Ó lè jẹ́ òótọ́.
Kò sí àyè fún "ó lè jẹ́ òótọ́" nínú fọ́ọ̀mù náà.
Ọjọ́ ti gbé ẹjọ́ mì.

Nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì yìí ni ìwé gbèsè bàbá àgbà wà,
Fápohùndà òṣómàáló, aláṣọ kiri,
ẹni tó ń lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí orúnkún rẹ̀ fi ń dún bí igi gbígbẹ.
Ojú ìwé kẹtàdínlógún, tàdáwà dúdú ti ń pọ́n bí irin tó dípẹtà:
Àrán ọ̀pá mẹ́rin. Ọkùnrin Lọ́kọ́jà. Ó ní lẹ́yìn ìkórè.
Abẹ́ rẹ̀: Mo padà lọ. Ó ní ìkórè kò dára.
Abẹ́ rẹ̀: Mo padà lọ.
Ó tán síbẹ̀. Kò fi ìlà pa á rẹ́.
Gbèsè kì í jẹrà, ohun tó máa ń wí nìyẹn;
ogún ọdún, ọ̀la ni.

Èmi ọmọ ọmọ rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sanwó oṣù fún mi lé lórí
ni kí n máa sọ fún ẹni tó wá gba tirẹ̀ pé ó ti pẹ́ jù.
Hámánì ló lóṣòó báyìí. N kò rí orúnkún rẹ̀,
lẹ́tà mẹ́sàn-án ni mo rí, kò sí èyí tí kò fi ìkíni bẹ̀rẹ̀,
ó ń béèrè àlàáfíà ilé mi.

Mo kọ ọ́: Ẹjọ́ yìí kò ṣe é gbọ́.
Mo tún un kọ kó lè dún bí ẹni tó kẹ́dùn.
Mo fi gbólóhùn kan kún un nísàlẹ̀, fún ọ̀gá mi nìkan:
ogún lítà yẹn, ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n.
Nẹ́pà mú iná lọ.
Gbólóhùn náà wà lójú gíláàsì, kò tíì lọ,
bátìrì sì ti ń pa pupa.
Màmá pè láti ẹ̀yìnkùlé:
"Ṣé àjọ ti sùn? Wá bá mi kó ẹ̀pà wọlé, òjò ń bọ̀."
Mo lóṣòó sábẹ́ tábìlì,
mò ń fọwọ́ wá wáyà jẹnẹrétọ̀ nínú òkùnkùn.
Orúnkún mi dún.