Ọyẹ́ Nínú Ẹrẹ̀

Àgbàrá wọlé lóru.
Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i:
pátákò ń já kúrò nínú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
bí ìgbà tí ọmọ bá já ẹnu kúrò lára ọmú.

Ọjọ́ kẹsàn-án òjò rèé.
Òkè Ṣábẹ ti fi ìkùukùu bo orí,
a ò rí i láti ìjẹta.
Ilé ẹrù rélùwéè àtijọ́ ni mo so ẹṣin mi sí,
níbi tí ọkọ̀ ojú irin kì í dúró sí mọ́,
nítorí pé sìmẹ́ǹtì ló wà nílẹ̀ ibẹ̀.
Ṣùgbọ́n pánù òkè ti dógùn-ún, ó lu bí asẹ́,
sìmẹ́ǹtì náà sì ti fọ́ láàárín,
ibẹ̀ gan-an ló sì fẹ́ràn láti dúró sí.

Ọyẹ́ lorúkọ rẹ̀. Inú ọyẹ́ ni wọ́n bí i,
lọ́dún tí ètè gbogbo ilé sán.
Bàbá mi ló sọ ọ́ lórúkọ.
Ó kú kó tó sọ
ẹni tí yóò máa gé koríko fún un.

Mo gbé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lé itan,
mo fi ìdí ṣíbí ha inú pátákò:
òkúta wẹ́wẹ́, ewé máńgòrò,
ìdérí ìgò bíà kan.
Mo sún imú mọ́ ọn.
Òórùn ìjẹrà wà níbẹ̀,
ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn ni.
Omi gbígbóná oníyọ̀. Àkísà gbígbẹ.
Lẹ́yìn náà, òrí tí ìyàwó Sàbí fi ránṣẹ́ láti Paraku,
mo rà á mọ́ ọn bí ẹni ń pa ọmọ tuntun lára.
Ọyẹ́ mí kanlẹ̀,
ó gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ tì mí léjìká.

Lọ́dún èṣí, akọ arúgbó tí wọ́n jọ ń gbé
yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga.
Wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, à á tún un gùn ni.
Ta ló sọ ohun tí à á ṣe
bí ilẹ̀ bá dá ẹṣin?
A fi okùn fà á títí ilẹ̀ fi mọ́.
Nígbà tí oòrùn yọ, òun nìkan ni kò dìde.
Àpá okùn náà wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó máa ń yún mi bí òjò bá ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Kútọnu:
“Tà á. Alùpùpù kì í jẹ koríko.”
Mo ní mo gbọ́.
Ó mọ̀ pé gbígbọ́ kì í ṣe gbígbà,
ló bá béèrè iye tí òrí ń lọ báyìí.

Koríko tútù ń wú u nínú.
Pòròpórò ọkà bàbà orí àjà ku ìdì mẹ́rin.
Mo tún un kà. Mẹ́rin náà ni.

Bọ̀nì, ọmọ àbúrò mi, ru èèpo ẹ̀pà dé,
àpò mẹ́ta, gbogbo orí rẹ̀ funfun fún eruku.
Eruku! Mo fọwọ́ kàn án,
ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan ohun tó gbẹ.
A tú u sílẹ̀, ó ń mu omi, ó ń han ṣìnìnì,
ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹṣin kó wá tẹ̀ ẹ́:
“Ọyẹ́! Ọyẹ́ o! Máa bọ̀!”

Obìnrin kan ń kọjá lójú irin,
abọ́ ńlá ló fi ṣe agbòjò.
Ó dúró, ó rẹ́rìn-ín:
“Ẹ pè é kíkankíkan,
aṣọ mi ò gbẹ láti ọjọ́ Ajé.”

Òjò ò dá.
Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbẹ,
láti pátákò dé orúnkún,
títí di ìrọ̀lẹ́, ó kéré tán.