Yàrá Mẹ́rìnlá

Lẹ́yìn Stádíọ̀mù, lọ́nà tó lọ sí Yunifásítì,
níbi tí ọ̀kadà ti ń gba ogún náírà tẹ́lẹ̀
kí ó tó di igba,
ìyá àgbà mi ní ilé yàrá mẹ́rìnlá.
Èmi ni mo ń gbowó ilé.
Mo ní ìwé, mo ní bírò,
mo fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan.
Ìyá ò ka nọ́ńbà.

Oko kajú ni ibẹ̀.
Bàbá àgbà ló gbìn wọ́n, okùn ló fi wọn àlàfo wọn.
Igi mẹ́rìnlá ló kù lọ́jọ́ tí katakata dé.
Ìyá jókòó sórí odó tí a dojú rẹ̀ délẹ̀,
ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń wó,
bí ẹni ń ka ọmọ wọlé nígbà tí òjò bá ṣú.

Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pè mí pé:
"Láòṣe, lọ wò ó bóyá iná Àkọ́so ti dé."
Yàrá kìíní ni Àkọ́so, ọmọ Lókójà kan ló ń gbé e.
Yàrá kẹsàn-án ni Olóyin:
ibẹ̀ ni oyin ti ta Ìyá nínú oyún ìyá mi,
ojú rẹ̀ wú bí àkàrà.
Ìkeje ni Aṣẹ́bàbálẹ́sẹ̀,
níbi tí Ebiere, ọmọ Bàyélsà, ti ń se ẹja
tí gbogbo wa fi ń gbé itọ́ mì.

Ebiere ló bi mí lẹ́nu ẹ̀rọ omi,
pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó ń tiro:
"Kí ló dé tí Màmá ń pè mí báyẹn?"
Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín.
Ó gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó wo kọnkéré ẹsẹ̀ rẹ̀
bí ẹni tó bá owó ẹlòmíràn nínú àpò ara rẹ̀.

Àdúgbò ti yí. Ṣé kí n parọ́ ni?
Ibi tí a ti ń sá kajú
ni wọ́n ti ń gbowó lórí fóònù báyìí.
Sùfíánù tó ń bá Bàbá ṣánko ti ra Márúwá,
ó ní ẹ̀yìn òun ò dun òun mọ́,
ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun dárò oko.
Ìyá náà ò jiyàn.
Owó yàrá mẹ́ta ló ra gíláàsì ojú rẹ̀,
owó yàrá méjì ló rán mi lọ sí Póli.
Kajú kì í sanwó, àfi bó bá di oṣù Ẹrẹ́nà.

Ṣùgbọ́n lọ́dún tí àwọn olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀,
oṣù mẹ́jọ gbáko ni ilẹ̀kùn fi wà ní títì,
aláǹgbá ń yáàrùn lẹ́nu ọ̀nà wọn.
"Ọdún tí igi ò so," ni Ìyá wí,
ó sì ń gbá ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láràárọ̀
bí ẹni ń gbá ìdí igi de èso.

Oṣù tó kọjá, ilẹ̀ balùwẹ̀ yàrá kejìlá là.
Bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní gbòǹgbò ni.
Ewé méjì, ó pupa díẹ̀ létí,
yọrí láàrín ọṣẹ àti kànìnkànìn.
Ó ní ká lọ ra kẹrosíìnì.
Mo ti mú owó dání
kí Ìyá tó fi ọ̀pá ti ilẹ̀kùn, tó yọjú,
oruku omi gbígbóná bo gíláàsì rẹ̀:
"Ẹ fi í sílẹ̀. Onílé ló wá wo ayálégbé."

A dín owó yàrá náà kù.
Ọmọ tó wà níbẹ̀ ń wẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan.
Ó ní kí n bá òun bèèrè orúkọ igi náà,
nítorí òun nìkan ni Ìyá ń pè ní "ìwọ yẹn."
Mo bèèrè.
Ó ní kò lórúkọ. Kò so rí, oyin ò bà á rí,
kò gbé ẹnikẹ́ni ṣubú.
Ó ń fi etí ìró nu gíláàsì.
"Àmọ́ dúró ná," ló wí.
"Ó ti ṣe nǹkan báyìí."