Àwọn Aránṣọ Inú Ẹ̀jẹ̀

Ọjọ́ Ajé ni mo rí i. Bánidélé dùbúlẹ̀ lẹ́bàá máṣíìnì mi,
ó fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n fi ẹsẹ̀ ra ikùn rẹ̀, bó ti máa ń ṣe.
Àmì pupa wínníwínní kún ibẹ̀,
bí ẹni mú abẹ́rẹ́ gún un láìfi òwú sí i.
Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò jẹ egungun,
kò sẹ́ni tó sọ òkò lù ú.

Bàbá Akínsowọ́n yọjú láti ṣọ́ọ̀bù kejì:
"Tètè tà á kó tó kú. Óńdó la wà, owó lajá."
Mo fi téèpù kọ́rùn, n ò dá a lóhùn.
Ọ̀kadà gbé wa dé Yaba,
ajá lórí itan mi, ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ lára yẹ̀rì mi.

Dókítà Olúwátuyì fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀,
ó tẹ ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló kù, ó ní,
níbi tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba yẹ kó wà.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin kí ni?
Ó wo téèpù ọrùn mi.
"Ìyá Morádékẹ́, aránṣọ wà nínú ẹ̀jẹ̀.
Ibi tí iṣan bá ti ya, wọn a sáré lọ lẹ̀ ẹ́.
Ẹ̀ṣọ́ ara ajá yìí ló ṣìnà,
ó ń pa aránṣọ ilé rẹ̀, ó ní olè ni wọ́n."
Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.
"Ṣé eégbọn ló fà á?"
"Bóyá. Nígbà mìíràn a kì í mọ̀dí."

Oògùn funfun, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́,
kí ẹ̀ṣọ́ lè ti idà bọ àkọ̀.
Ó ń mu omi bí ẹni tí iná jó.
Ó tọ̀ sórí aṣọ oníbàárà, mo sanwó aṣọ.
Ó jí ẹ̀bà mi jẹ.
Ọjọ́ kẹrin, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà;
n ò rán nǹkan kan lọ́jọ́ náà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, àmì pupa di àwọ̀ ìyeyè, ó ń ṣá.

"Ẹ má dá a dúró lójijì o."
Abẹ tí mo fi ń la ojú bọ́tìnì
ni mo fi ń la oògùn: ọ̀kan àti ààbọ̀, ọ̀kan, ààbọ̀,
ìdá kan nínú mẹ́rin tó kù díẹ̀ kó di eruku.
Oṣù márùn-ún.

Lánàá, Bàbá Akínsowọ́n gbé egungun wá nínú ọ̀rá.
Mo ní kò tíì yá. Ó ní òun mọ̀,
òun kàn fẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀ ni.
Ikùn Bánidélé mọ́ báyìí.
Síbẹ̀ mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, àràárọ̀,
kí n tó fi òwú sójú abẹ́rẹ́.