Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Èmi Marlys ni mo ń ka ọjọ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó
ní ìlú kékeré kan ní Dakota Àríwá,
níbi tí yìnyín kì í kúrò lójú fèrèsé títí oṣù kẹrin fi ń parí.
Kì í ṣe ọjọ́ orí wọn ni mo ń kà; ìyẹn wà nínú awọ ọrùn wọn.
Ọjọ́ tí wọ́n dé ni mo ń kà,
ọjọ́ tí wọ́n dé gan-an sì ni ìkíní.
Ó pẹ́ tán, kó má kọjá ìkẹjọ,
mo gbọ́dọ̀ yan ọjọ́ kan,
kí n dúró níbẹ̀, kí n bojú wẹ̀yìn fún ọjọ́ méje péré,
kí n kọ ohun tí mo rí.
Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú mi ò tó o.

Einar Tollefsrud dé lọ́jọ́ Ajé.
Ẹnu ọ̀nà ilé màlúù ló ti yọ̀ ṣubú, tí ìbàdí rẹ̀ fi fọ́.
Àgbẹ̀ àlìkámà ni, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí pátákó.
Mo bi í pé, “Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, ǹjẹ́ ayé sú yín?”
Ó ní, “Ta ló ń fún màlúù mi lómi?”
Kò sí àpótí tí mo lè kó ìdáhùn yẹn sí.
Mo kọ òdo. Mo pa á rẹ́.
Mo kọ èjì.

Ẹni méjì ló ń gbé e dìde lójoojúmọ́.
Ṣé ó rìn? Rárá.
Ṣé ó dá dúró? Rárá.
Ọjọ́ Ajé kejì, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo fọwọ́ sí i,
mo pa kọ̀ǹpútà, mo wa ọkọ̀ mi lọ sílé nínú òkùnkùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tíì bọ́ kóòtù
tí Ligaya, tó ṣiṣẹ́ òru mọ́jú, fi fà mí lápá.
Einar wà ní ìdúró lẹ́bàá fèrèsé!
Ọwọ́ kan di irin mú,
èkejì ń fi èékánná họ yìnyín lára gíláàsì,
ó ń wá ọ̀nà oko rẹ̀.
“Ẹsẹ̀ mẹ́fà,” ni Ligaya wí. “Mo kà á.”

Ìwé ní kò rìn.
Ìwé ò purọ́. Ó kàn tètè sùn ni.
Mo yọ ìwé ọjà mi lápò, ẹyin, bọ́tà, oúnjẹ ológbò,
mo kọ ọ́ sísàlẹ̀:
Ìṣẹ́gun. Ẹsẹ̀ mẹ́fà.

Einar ò bojú wo wa.
“Ó ti ń yọ́,” ló wí.