Èèkàn Etí Ọ̀sà

Ìwé náà dé láti yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ Àlàmísì,
ìwé pélébé kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin.
Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó wà.
Ìyá mi bú sẹ́kún.
Lọ́dọ̀ tiwa, bí ìwé àyẹ̀wò bá ti ní nǹkan wà,
wọn a ti máa tẹ́ ẹní de àwọn aṣọ̀fọ̀.

Dókítà Ọ̀ṣínúgà fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.
"Màmá, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ lẹ ni ọ̀sà.
Ọkọ̀ tó kẹ́rù dé láti Èjìnrìn,
bí kò bá rí èèkàn so mọ́ ńkọ́?"
Ìyá mi nu ojú. "Omi á gbé e lọ ni.
Ta ni yóò já ẹrù nínú ọkọ̀ tó ń jó?"

"Ó dáa. Kókó inú ọmú yín yẹn, èbúté ni.
Èèkàn pọ̀ lára rẹ̀: méje nínú mẹ́jọ ni wọ́n kà á sí.
Ẹsitirójìn, èyí tí ara yín fúnra rẹ̀ ń pò,
òun ló ń so ọkọ̀ mọ́ ọn,
òun ló ń já oúnjẹ fún un."

Ìyá mi wo àyà ara rẹ̀
bí ẹni tó ká ọmọ rẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.
"Èyí tó fún mi ní Mọ́jídì? Tó fún mi ní ìwọ yìí?"
"Òun náà ni. Kò mọ̀ pé ọ̀tá lòun ń bọ́."

N kò rí èèkàn náà rí.
Wọ́n ní wọ́n gé ẹran ara rẹ̀ tín-ín-rín ju ìpẹ́ sáwá lọ,
wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró kan tí kì í ṣe aró ẹ̀lú,
ibi tí èèkàn wà sì pọ́n rúsúrúsú
bí awọ ẹja tó sùn lórí ààrò mọ́jú.
Ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá mi fi yan ẹja ní Òkè-Balógun.
Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọ̀ yẹn ń bẹ nínú òun náà.

Oògùn ọ̀hún funfun, kò tó ẹyọ àgbàdo.
"Ọkọ̀ òfìfo ni," ni Dókítà wí.
"Á ṣáájú dé, á so. Kò ní ẹrù kankan.
Bí ẹlẹ́rù bá dé, kò ní í rí àyè."
Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ láti ìgbà iṣẹ́ abẹ:
"Ohun tí Ṣèkóní ọmọ Ráímì ṣe fún wa lọ́dún yẹn nìyẹn,
tó fi ọkọ̀ jíjò dí gbogbo èbúté nítorí owó àjọ!"

Ó ti di oṣù kẹrìnlá.
Nídìí sàárì ló ń lò ó lóṣù ààwẹ̀.
Ooru ń mú un lóru, a bọ́ síta,
a jókòó létí omi, a máa fi ìṣẹ́tí aṣọ fẹ́ra.
Mo máa ń bá a níbẹ̀.
Kò sọ pé òun yóò yè. Èmi náà kò bi í.
Orí èèkàn ń yọ lójú omi, ọ̀kan, ọ̀kan,
ó sì ń nawọ́ sí wọn:
"Èyí ti dí. Èyí náà ti dí.
Tọ̀hún ńkọ́?
Tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí n rí i."