Ìwé Ìnáwó Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ní ojú ewé kìíní ìwé ilé-ẹ̀kọ́ tí mo yà sọ́tọ̀,
mo kọ ọ́: Àjàṣẹ́, ọjọ́ Ajé, oṣù Ọ̀wàrà.
Títú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀: ọ̀kẹ́ méjì sẹ́fà.
Ọ̀gá Mufútáù ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni.
Ó fi ìka tó kún fún ọ́ìlì bura.

Alupíìnì ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà,
aláwọ̀ aró, ó rẹlẹ̀ débi pé
ewúrẹ́ Ògánlá ń wò ó láti òkè.
Ó pọn ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn bí abiyamọ.
Ẹ̀ńjíníà Faransé kan tó ń palẹ̀ mọ́ lọ sílé
ló tà á fún bàbá mi, akọ̀wé ẹnubodè,
nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran.
Wọ́n ní láti Wàndó dé Pòbẹ́ nígbà náà,
bí o bá gbọ́ ọ, kó o tó yíjú, ó ti kọjá;
eruku ni wàá kí.

Kpayó ló pa á.
Bẹntiróò inú ìgò, ẹ̀bá ọ̀nà, ní ìrọ̀lẹ́,
tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ omi.
Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́
fún ọdún mọ́kànlélógún lábẹ́ igi máńgòrò.
Adìyẹ ìyá mi ń yé síbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń gbé.

Písítìn mẹ́rin: ọ̀kẹ́ mẹ́tàdínlógún.
Kò sí ní Kútọ́nù, kò sí ní Èkó.
Ọkùnrin kan ní Màsẹ́ì ló ní i,
ó sì mọ̀ pé òun nìkan ló ní i.
Owó ẹnubodè lórí rẹ̀: ọ̀kẹ́ mẹ́rin.
Bàbá rẹ́rìn-ín sí ìyẹn títí ikọ́ fi dé;
ọgbọ̀n ọdún ló fi gbà á lọ́wọ́ ọmọ aráyé.
Kíráńkì tí tọ́nà Àjàrá fá: ọ̀kẹ́ mẹ́ta.
Ó fá a jù.
Kíráńkì mìíràn: ẹ má bi mí.

"Ọkọ̀ gba ọkọ lọ́wọ́ mi," ni ìyá mi wí,
ó ń gbé abọ́ sábẹ́ òrùlé ìdáná tó ń jò.
Ogún páànù ni òrùlé yẹn ń fẹ́.
Mo ṣírò rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé,
pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́, kó lè ṣe é pa rẹ́.

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta
kì í wo ẹnu àáké," Ọ̀gá Mufútáù wí.
Mo ní, "Ọ̀gá, àáké ta ni?"
Àjọ ọdún mẹ́rin mi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì yẹn,
owó aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ń rán lóru,
bọ́tìnnì kan, bọ́tìnnì kan.

Àbúrò mi Lamídì kọ̀wé láti Gàbọ́ọ̀nù:
ó kí bàbá, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún,
ó ní ká ta ọkọ̀ náà bó ṣe wà,
òyìnbó kan yóò gbà á ní mílíọ̀nù mẹ́fà.
Mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá.
Mo fo ìlà yẹn.

Ta ni yóò wà á? Èmi ò mọ ọkọ̀ wà.
Ọdún kẹta rè é tí ojú bàbá ti ṣú.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di oṣù mọ́kànlá.
Àpapọ̀: àádọ́jọ ọ̀kẹ́, àti díẹ̀ tí n ò kọ.

Lánàá, wọ́n gbé àpótí fún un lẹ́yìn ọkọ̀.
Ó gbé ọwọ́ lé irin náà
bí ẹni ń wo ibà lára ọmọ.
Ọ̀gá yí kọ́kọ́rọ́. Ó kọ̀. Ó tún yí i.
Adìyẹ fò, ọmọdé ya wọlé,
ìyá mi jáde láti ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́,
ó sì dúró.

Bàbá dákẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń ka Fàtíhà.
Omi ò bọ́ lójú rẹ̀, ẹ má retí ìyẹn.
Ó ní, "Sìlíńdà kẹta.
Fáàfù rẹ̀ kan ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀."
Ọ̀gá Mufútáù wolẹ̀.
Mo ṣí ewé tuntun.