Òfo

Ní Àgbowó, lẹ́yìn ilé alágbàfọ̀,
yàrá kan, ibùsùn méjì, fáànù tí kì í yí.
Ìbídùn ti sùn. Ó fi ìborùn bo ojú
nítorí iná kọ̀ǹpútà mi.
Aago kan àbọ̀ òru.
Dátà tí mo fowó rà ti tán láti ìrọ̀lẹ́;
dátà tí bàbá mi fún mi lọ́fẹ̀ẹ́
kò tán bọ̀rọ̀.

Ìwé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn wọn aláwọ̀ ewé,
ọdún kan, ìwé kan.
Òjò Mọ́níyà ló wà níbẹ̀.
Aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ojoojúmọ́,
bàbá mi á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà,
á da omi inú agolo sínú ìgò ìwọ̀n,
á gbé e bá ojú dọ́gba,
á kọ ọ́: méjì àbọ̀. Òdo. Òdo. Mẹ́rìnlélógún.
Iṣẹ́ ìjọba ni.
Owó oṣù a máa pẹ́,
òjò kì í dúró de owó oṣù.

Ṣùgbọ́n ojú ibì kan wà tó ṣófo.
Kì í ṣe òdo o.
Òdo ni pé òjò kò rọ̀, bàbá mi sì lọ,
ó rí i pé kò rọ̀.
Èyí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀,
bí àlàfo eyín tó yọ.
Mo kà wọ́n. Márùndínlógójì.

Dókítà Akínṣìpẹ̀ ti awò rẹ̀ sókè imú:
"Wá ìpíndọ́gba, fi dí i.
Nínú ọjọ́ ẹgbàárùn-ún ó lé,
ẹ̀kán omi kan ni nínú adágún Ẹlẹ́yẹlé.
Ṣé o fẹ́ gba másítà yìí àbí o ò fẹ́?"
Òótọ́ ló sọ. Mo ṣe é.
Ẹ̀rọ gbà á wọlé,
kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní Sátidé mo wọ máíkírà ní Sángo,
a há mẹ́rin sẹ́yìn, mo gbé àwọn ìwé lé itan.
Bàbá mi ò ríran dáadáa mọ́.
Mo ka àwọn ọjọ́ òfo náà sí i létí.
"Ìyẹn? Ṣéènì kẹ̀kẹ́ mi ló já ní Òjóò."
Ó rẹ́rìn-ín.
"Ìyẹn, a daṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko.
Ìyẹn, òjò ọ̀hún ló gbé agolo lọ.
Kí ni mo fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?"
Mo dé Oṣù Kẹsàn-án,
ọjọ́ kejìlá sí ìkejìdínlógún.
Ó dákẹ́.
Àkùkọ kan ń tú ilẹ̀ lẹ́bàá ilé ìdáná.
"Ó rọ̀," ló wí. "Méjèèje ló rọ̀.
Mi ò jáde lọ wò ó ni."
Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí
nígbà tí wọ́n sin ìyá mi.

Òfo ni kọ̀ǹpútà pè é.
Fi àmì ìsàlẹ̀ kan kún un, ó di òfò.
Àwọn tó dá oǹkà sílẹ̀ fún wa mọ̀ bẹ́ẹ̀:
márùndínlógójì,
ogójì ló yẹ kó jẹ́, àwọn márùn-ún ò sí nílé.
Bí wọ́n bá bi mí léèrè ọjọ́ orí,
mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ni màá wí,
mẹ́rin ọ̀hún á sì há mi lọ́nà ọ̀fun.

Mo yọ ìpíndọ́gba kúrò lójú ọjọ́ méje yẹn.
Mo kọ ọ́ sí orí kẹta: A kò wọ̀n ọ́n. Òjò rọ̀.
Mo mọ bí bíírò pupa yóò ṣe sọ:
Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Kọ ibi tí o ti rí i.
Bátìrì ku ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo yára tẹ orúkọ bàbá mi,
mo fi gbogbo àmì orí rẹ̀ sí i,
mo ń wá ibi tí wọ́n ń fi ọjọ́ sí
nígbà tí ojú ẹ̀rọ ṣú.